Àwòrán Mọ́kànlá Tí Khemraj Kùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Khemraj fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ipa rẹ̀ bọ́ nínú irú rẹ̀, òun á dúpẹ́.

Khemraj ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ gbọ̀ngàn gbàǹjo ní Delhi ni wọ́n gbé àwòrán bàbá bàbá rẹ̀ síwájú. Màlúù kan tó yíjú wo ọmọ rẹ̀ ni, ìlà dúdú lásán lórí bébà tó ti pọ́n bíi tíì. Bàbá náà kò kùn ún. Ó kàn kọ orúkọ ọ̀dà wínníwínní sí i lára, "funfun" níkùn, "pupa" níwo, kí ẹni tó máa kùn ún lè mọ̀. Àwọn ènìyàn ń nawọ́ sókè, owó ń gòkè. Nígbà tí òòlù fi máa dún lórí tábìlì, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó rúpì. Khemraj wo bàtà ara rẹ̀. Eruku Nathdwara, ìlú wọn, ṣì wà lára rẹ̀.

Madam Nandita, tó gba àwòrán náà lọ́wọ́ wọn láti bá wọn tà á, gbé omi fún un.

"Bùrọ̀dá, ẹ mu omi. Ètè yín ti gbẹ."

"Madam, àwòrán tí wọn ò tíì kùn?"

"Òun náà ni. Ṣé irú rẹ̀ ṣì wà nílé?"

"Ó ku mọ́kànlá."

"Ẹ kó wọn wá kí oṣù kẹfà tó parí. Ẹ má nù wọ́n, ẹ má gé etí wọn."

Kò sọ pé kí wọ́n má kùn wọ́n. Ta ni yóò ro irú ìyẹn?

Nílé, Bhanwarlal ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúpẹ́ títí, ó sì fi owó náà ra igi òrùlé. Òrùlé ìsọ̀ ayàwòrán tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá bàbá wọn ti jẹrà, ènìyàn mẹ́sàn-án ló sì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Apá ẹ̀yìn nìkan ni owó náà tó ṣe. Apá tó kọjú sí títì, níbi tí oníbàárà ń jókòó, ń dúró de àwòrán mọ́kànlá náà, òjò sì ti ń bọ̀.

Ọmọ Bhanwarlal obìnrin bímọ ní Udaipur, Bhanwarlal sì fẹ́ lọ kí i. Ó fún àbúrò rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí àwòrán náà wà.

"Fi aṣọ dì wọ́n, kí o kó wọn lọ fún madam. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, má fọwọ́ kàn wọ́n."

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ bí ọkàn ṣe ń tan ènìyàn. Ní àdúgbò ayàwòrán wa, àwòrán tí kò lọ́dà kò tíì parí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé e wá, àwọn àgbà á ní, "Ìyẹ̀fun lo gbé wá, búrẹ́dì ńkọ́?" Khemraj ló sì mọ ọ̀dà kùn jù ní gbogbo òpópónà wa. Ó rò ó pé, bí ìyẹ̀fun bá lè tà tó báyìí, eélòó ni búrẹ́dì máa tà?

Gulab, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé tíì wọlé, ó bá a níbi tó ti ń lọ òkúta àwọ̀ ewé láti fi ṣe ọ̀dà.

"Ọkọ mi kékeré, kí lẹ ń lọ̀? Ṣé ata ni?"

"Owó ni, Ìyá Pushpa."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀?"

"Tó bá rí òrùlé, á mọ̀."

"Ẹni tó ra màlúù yẹn, ṣebí ó lójú? Ó rí i pé kò lọ́dà, ó sì rà á."

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́."

Gulab gbé tíì sílẹ̀, ó lọ. Tíì náà tutù síbẹ̀.

Ọjọ́ méje ni Khemraj fi kùn wọ́n. Ibi tí bàbá kọ "pupa" sí, pupa ló fi sí i. Kò yẹ̀ ẹ́ rárá, iṣẹ́ náà sì rẹwà. Nígbà tó parí, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí bàbá kọ tí ojú tún lè rí.

Nígbà tó kó wọn dé Delhi, Madam Nandita tú aṣọ náà. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó jókòó.

"Ta ló kùn wọ́n?"

"Èmi ni, madam. Ọwọ́ mi ni mo fi lọ pupa yẹn."

"Ó dára gan-an." Ó gbé e sílẹ̀. "Bùrọ̀dá, ọwọ́ bàbá yín ni wọ́n ń rà. Ibi tó ti ṣì í tó tún un fà, ọ̀rọ̀ tó kọ. Kò sí mọ́. Mi ò lè tà wọ́n."

"Ṣé a ò lè fi omi fọ̀ ọ́ ni?"

"Ìlà náà á bá a lọ."

Ọkùnrin kan tó wà nítòsí ní kí wọ́n kọ ọ́ pé bàbá ló kùn ún, pé wọn á rà á. Madam Nandita mi orí. "Orúkọ ìdílé wọn nìyẹn máa tà." Ó wá fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ṣì níye lórí. Títí dòní ni Khemraj ń dúpẹ́ fún ìyẹn.

Bhanwarlal dé. Ó wo mọ́kànlá náà. Khemraj fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti tọrọ àforíjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ nà mí."

"Kí n nà ọ́, kí ọ̀dà ṣí?"

Kò sówó òrùlé mọ́, nítorí náà kí òjò tó dé, wọ́n ta apá ìsọ̀ tó kọjú sí títì fún ọkùnrin kan tó ń dín kachori, ìpápánu oníyẹ̀fun àwọn ará ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé agbada rẹ̀ wọlé, Khemraj ń kó àwo ọ̀dà tirẹ̀ jáde, ó gbà pé kò sáyè fún òun mọ́. Bhanwarlal fa ẹní tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Jókòó síbí. Ta ló tún lè lọ pupa báyẹn? Mo dúpẹ́ pé ọwọ́ rẹ ṣì wà."

"A óò fún mọ́ra," ni Gulab wí. "Ṣebí a ti rí kachori jẹ."

Khemraj gbé àwo ọ̀dà rẹ̀ padà sílẹ̀, ó jókòó. Bhanwarlal mú agboòrùn rẹ̀, ó jáde sínú òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ní ohun àtijọ́ tí ẹnì kan fẹ́ rà, ẹ bi í léèrè ohun tó ń rà níbẹ̀ gan-an kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ọgbọ́n ọwọ́ yín bo ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.