Omi Ìfọsàn Tí Má-fi-ṣòfò Dá Padà Sóko

Ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní igi eléso, ì báà jẹ́ ẹyọ kan lẹ́yìnkùlé.

1. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Má-fi-ṣòfò. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jogún oko ọsàn bàbá wọn: ẹ̀gbọ́n mú apá òkè, òun mú ìsàlẹ̀. Oko yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Táǹkì kan náà ni wọ́n ti ń fọ ọsàn, títí kan èyí tó já sínú ẹrẹ̀ tó ti ń jẹrà. Ẹ̀gbọ́n a máa da omi ìfọsàn náà nù sójú ọ̀nà, inú àbúrò a sì máa bàjẹ́.

2. Nígbà tí ọ̀dá dé, Má-fi-ṣòfò so rọ́bà gígùn mọ́ ìdí táǹkì, ó darí omi náà sídìí igi tirẹ̀.

"Àbúrò mi, omi tó ti wẹ ọsàn jíjẹrà lo fi ń bomi rin igi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó bó ṣe tòrò! Ẹ jẹ́ n gbádùn ọgbọ́n mi."

3. Kò pẹ́, igi kan bẹ̀rẹ̀ sí í sun oje nídìí, ewé rẹ̀ sì pọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní kó gé e, kó sì yọ rọ́bà kúrò.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí wọ́n ní igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀."

Láàárín oṣù mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kí gbogbo apá ìsàlẹ̀ gbẹ tán.

4. Wọ́n pe obìnrin onímọ̀ nípa ọ̀gbìn kan, ó wá gbẹ́ ìdí igi wò. Gbòǹgbò ti jẹrà, èèpo rẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, kòkòrò àrùn tí ojú ò lè rí ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn. Ẹ̀yin lẹ fi rọ́bà pín in láti igi dé igi."

Má-fi-ṣòfò jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Igi tí bàbá rẹ̀ gbìn ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, tó sì dáná sun.

5. Omi kì í ṣàn gòkè, nítorí náà oko ẹ̀gbọ́n yè. Ó gbé oúnjẹ wá bá àbúrò rẹ̀ nílé.

"Dìde, ká jọ máa ṣe tòkè. A ó gbin àgbàdo sí tìrẹ."

"Ẹ ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Màá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí o máa fi darúgbó. Ṣùgbọ́n jẹun ná."

Lónìí, wọ́n jọ ń ká ọsàn, ara tù ú, ó sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi lè tòrò kó sì ru àrùn. Ẹ má fi omi tó ti kan èso jíjẹrà bomi rin igi. Bí igi kan bá ń ṣàìsàn, ẹ tètè pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.