Ògiri Tó Mọ Oríkì

Wọ́n ti tún kọ́ọ̀tù àtijọ́ tó wó nílùú Ìṣẹ́yìn ṣe, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Wọ́n lé àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì rẹ́ ẹ̀rọ ìlera mọ́ inú ògiri rẹ̀. Láràárọ̀ ni àwọn àgbà ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, kó lè bá wọn wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìyá Ṣìfáwù ò fọkàn tán an. Ilé tó rán bàbá òun lẹ́wọ̀n, ìgbà wo ló di olùtọ́jú?

Lónìí, kó tó nawọ́, ògiri sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?"

Ara Ìyá Ṣìfáwù bù máṣọ. Ìyá tó bí i, tó fún un ní oríkì Àwẹ̀ró, ti kú tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ìdájí, tó bá ń fi ọ̀pá ẹ̀rọ tí ìjọba pín fún àwọn àgbà ti ara rẹ̀ dìde: "Àwẹ̀ró, ó yá, dìde ńlẹ̀."

"Ẹ dá a lóhùn, Ìyá," Ràbíà aládùúgbò rẹ̀, tó tẹ̀ lé e wá, sọ.

"Èmi kì í jẹ́ ìpè ẹni tí mi ò rí."

"Àwẹ̀ró?" ògiri tún pè.

Ìyá Ṣìfáwù pa ẹnu mọ́ pinpin. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ̀n, ó sì fi ohùn Ìyá Ṣìfáwù gan-an jẹ́ ìpè náà pé: "Ìn-ín."