Irin Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ìlà Pupa

"Yọ píìnì híjáàbù rẹ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnjìmí wí. "Òrùka náà. Irin tó bá kọjá ìlà pupa yìí, ẹ̀rọ òòfà ló ni ín."

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yọ méjèèjì, ó so híjáàbù rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì alààyè kún inú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi òòfà wo bí purotéènì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Bí wọ́n bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì á kú, iṣẹ́ á sì di òfo.

"Prof, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e wọ ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Ọwọ́ tó ń dá táásì dúró láàárín èrò ní Joubert Park kì í gbọ̀n. Ó yá, gòkè."

"Eish. Ọmọ Ògún ń sá fún irin?"

"Ẹnu rẹ ò sinmi, sẹ́ẹ̀lì ń kú lọ."

Ó gun àkàbà, ó rọra sọ ìgò náà sínú ihò orí ẹ̀rọ. Láìpẹ́, àmì purotéènì yọ ṣóńṣó lójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Baba pàtẹ́wọ́.

"Ó jáde. Shap, o ṣe é."

"Ẹ wá ká jọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ ti ń wá nǹkan yìí kí n tó wọ yunifásítì."

"Dúró síbẹ̀, n ó ya fọ́tò rẹ láti ibí."

"Láìsí ẹ̀yin? Àbí kí n wá fà yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n tú bọ́tìnnì òkè ẹ̀wù rẹ̀. Báńdéèjì tuntun wà láyà rẹ̀ lápá òsì, níbi tí dókítà ti fi ẹ̀rọ kékeré onírin tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù sábẹ́ awọ.

"Píìnì tìrẹ ṣeé yọ," ni ó wí, ó gbé fóònù sókè. "Ó yá, rẹ́rìn-ín."