Ẹ̀yinná Inú Àgọ́

Ẹnu Oyèbánjí, aránṣọ kan ní Marzahn ní ìlú Berlin, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣojú rẹ̀. Èyí tí kò ṣojú rẹ̀, ìyá àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló sọ fún un. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́mọ ní òkè òkun, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dá a dúró sí àárín. Ẹ kà á títí kan ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Akínfẹ́mi àti Ayọ̀níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Harburg, ní ìhà gúúsù Hamburg. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní èbúté. Ìyàwó ń ṣe irun. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: Olúwadárasími, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Fọlárìn, ọmọ ọdún márùn-ún.

Ohun kan wà tí Akínfẹ́mi fi ń yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn òfin ilé rẹ̀. Ọmọ tó bá fi èdè Jámánì bá a sọ̀rọ̀, kò ní dá a lóhùn. Yóò kàn máa wo ògiri títí ọmọ náà yóò fi wá Yorùbá sọ. Èrò rẹ̀ kò burú. Èmi pẹ̀lú kò fẹ́ kí èdè wa parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá mi bọ̀.

2.
Nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n di ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Berlin. Wọ́n fẹ́ pàgọ́ sí etí adágún kan lẹ́yìn ìlú náà fún òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré tí Fọlárìn ti ń dárúkọ láti Harburg. Oyèbánjí ọ̀rẹ́ wọn wá bá wọn níbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ó bá Akínfẹ́mi nídìí ààrò eédú, ó ń sun ẹran.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi òórùn ẹran lé àwọn òyìnbó yìí kúrò nínú igbó ni?"

"Jẹ́ kí wọ́n máa gbóòórùn, jàre. Búrẹ́dì tútù ni wọ́n ti ń jẹ láti àárọ̀."

Lukas, òyìnbó tí àgọ́ rẹ̀ wà nítòsí, gba ẹyọ ẹran méjì, ó dúpẹ́, ó sì padà sídìí ìwé tó ń kà.

3.
Kò pẹ́ tí Ayọ̀níkẹ́ àti Oyèbánjí kó àwo lọ fọ̀ ní ilé omi tó wà ní ibùdó àgọ́ náà ni òjò dé. Fọlárìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú adágún ni, ó ń gbọ̀n. Akínfẹ́mi gbé ààrò náà wọ inú àgọ́ kí ara ọmọ lè móoru, ó sì fa síìpù dé òkè. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìkìrun, ìkòkò ẹ̀yinná ni ìyá àgbà rẹ̀ máa ń gbé sí yàrá nígbà ọyẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Kò rántí pé ihò pọ̀ lábẹ́ òrùlé ilé náà, tí atẹ́gùn ń wọlé tó ń jáde. Àgọ́ ọ̀rá kò ní ihò.

Olúwadárasími, tó wà pẹ̀lú wọn nínú àgọ́, dìde. Àwọn panápaná ti wá kọ́ wọn ní ilé ìwé pé eédú tó ń jó máa ń tú atẹ́gùn olóró jáde, èyí tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbóòórùn.

"Papa, das ist gefährlich!" Ó ń sọ pé ó léwu.

Bàbá rẹ̀ wo ògiri àgọ́.

"Daddy, iná yẹn... kò dáa."

"Èéfín ti tán. Kí ni kò dáa níbẹ̀?"

"Kì í ṣe èéfín. Ó jẹ́... ó jẹ́..."

Ọmọ náà wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí i. Ló bá bú sẹ́kún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í da èdè Jámánì sílẹ̀ wàràwàrà, ó ń nawọ́ sí àbúrò rẹ̀.

"Ta lò ń pariwo mọ́? Èmi? Ó yá, bọ́ síta. Tí o bá ti rí Yorùbá rẹ, kí o padà wá."

Ó bọ́ sínú òjò. Bàbá tún fa síìpù.

Ọmọ náà dúró lábẹ́ igi, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó padà wá sẹ́nu àgọ́. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn." Kò gbọ́ ìdáhùn. Ó rò pé ògiri ni bàbá òun tún ń wò, ó sì tún dúró. Lẹ́yìn náà ló wá pe Fọlárìn. Fọlárìn kò pa á tì rí. Fọlárìn náà kò dáhùn.

Ó sáré lọ bá Lukas. Gbólóhùn kan ló sọ fún un, ọkùnrin náà sì ti fò dìde.

4.
Orí koríko tí Lukas wọ́ wọn jáde sí ni Ayọ̀níkẹ́ ti bá ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Oyèbánjí ní igbe tí obìnrin náà ké lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí òun.

Àwọn méjèèjì yè. Ara Akínfẹ́mi yá kíákíá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Fọlárìn ń gbọ̀n títí di òní, kò lè fúnra rẹ̀ di ṣíbí mú, orúkọ nǹkan sì ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn dókítà kò ṣèlérí ohunkóhun.

Ní ilé ìwòsàn, Akínfẹ́mi fa ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún. "Dárasími, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ọmọ náà wò ó lójú. Yorùbá tó fi dáhùn dá ṣáká.

"Mo sọ fún yín. Ẹ ò dá mi lóhùn."

5.
Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ má ṣe gbé eédú tó ń jó wọ inú àgọ́, inú ọkọ̀ tàbí yàrá tí a tì pa, bí èéfín rẹ̀ tilẹ̀ ti tán pátápátá. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní Yorùbá pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ, èdè yòówù tó bá fi ké, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná. Ẹ ó ráyè tún un kọ́ tó bá yá.

Kí n tó fi ìtàn yìí síta, mo kà á sí etígbọ̀ọ́ ìdílé náà ní ilé Oyèbánjí, wọ́n sì ní kí n má yọ ohunkóhun kúrò. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, ọdún 2024. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, pẹ̀lú Fọlárìn, tó sùn sórí itan bàbá rẹ̀.