Igi Gbígbẹ Kan Ṣoṣo

Mo so okùn tí a máa fi gun àpáta mọ́ igi gbígbẹ kan ṣoṣo lókè.

Mo ní, "Ọ̀gá Garrick, ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ wa. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún."

Ó yẹ okùn náà wò, ló bá fara ya.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Igi kan, ó tún ti gbẹ! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ṣé ó lè pa èèyàn ni, ọ̀gá?"

"Ọmọdé pàápàá mọ̀!"

Gbogbo kíláàsì ń wò wá.

Mo fi fọ́tò kan hàn án. Igi gbígbẹ kan, okùn kan. Maren àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ sí mi lésìí, kó tó já bọ́ kú.

"Okùn tí ẹ so fún un nìyẹn, ọ̀gá. Ẹ tún un sọ, kí fóònù mi gbà á sílẹ̀ dáadáa: kí ni ọmọdé pàápàá mọ̀?"