Ó Ku Sìkúrù Kan

Dírílì ń ké nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé. Káfíńtà ti ọmọ rẹ̀, Ẹniìtàn, mọ́bẹ̀ kó má baà lọ fẹ́ apẹja Igbókòdá. Ó gbàgbé pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ku sìkúrù kan kí ilẹ̀kùn yọ, ni dírílì bá dákẹ́.

“Bátìrì ti kú?” Káfíńtà rẹ́rìn-ín níta. “Fi eyín tú u.” Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ṣọ́ ọ, mò ń lọ wẹ̀.”

Ìyàwó fa bátìrì kejì yọ lábẹ́ ìró, ó nà án wọlé láàárín irin fèrèsé.

“Màámi, bàámi á tún nà yín.”

Ìyá gbé báàgì aṣọ tirẹ̀ kọ́ èjìká. “Ta ló máa bá nílé?”