Lọ́fínńdà Ìyá Alábà

Kí Ìyá Alábà tó kú ló ti ra lọ́fínńdà úùdù pamọ́ fún aṣọ òkú ara ẹ̀. Mulikátù tó wẹ òkú ẹ̀ fi káfúrà nìkan sí aṣọ náà, ó ki ìgò bọ àpò tiẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ń dá a lẹ́bi, ó sì pa á lẹ́nu mọ́: “Ṣé òkú ń gbóòórùn ni?”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi díẹ̀ sọ́rùn. Ó ń ta sánsán bí èéfín tùràrí lára igi gbígbẹ. Bó ṣe ń dá bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tútù lẹ́yìn, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà.

“Mulikátù, ọmọ mi, òórùn ẹ mà dùn o.”

Ó mọ ohùn náà. “Ẹ forí jì mí, màmá! Mo máa dá a padà!”

“Dúró ná, jẹ́ n gbóòórùn ẹ dáadáa.”

Imú tútù kan fara kan ọrùn ẹ̀, ó sì fa èémí gígùn.